Bí wọ́n bá ti dá ọjọ́ Ìgbàsókè fún ẹni rẹ: àwọn àṣìṣe tí a máa ń ṣe

Ní oṣù Keje ọdún 2022, ọlọ́pàá wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní àdúgbò Valentino ní ìlú Oǹdó, wọ́n sì kó ènìyàn 77 jáde: àgbàlagbà 43, ọ̀dọ́langba 8, ọmọdé 26. Ìgbàsókè, ọjọ́ tí wọ́n gbà pé Jésù yóò gbé àwọn onígbàgbọ́ lọ sọ́run, ni wọ́n ń dúró dè níbẹ̀. Ọlọ́pàá ní igbákejì olùṣọ́àgùntàn ìjọ náà ló kọ́kọ́ sọ pé oṣù Kẹrin ni, tó tún wá sún un sí oṣù Kẹsàn-án. Àwọn ọmọ kan nínú wọn ti pa ilé ìwé tì. Ohun tí kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní ni pé àwọn kan kọ̀ láti bá òbí wọn lọ sílé.

Kristẹni ni mí. Mo gbà pé Jésù ń padà bọ̀, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ìrètí yẹn. Ẹ̀kọ́ tí mo ń bá jà ni èyí tó ní nítorí pé Olúwa ń bọ̀, kí ọmọ jù ìwé nù, kí aláìsàn da oògùn nù, kí obìnrin má bá ìyá tó bí i sọ̀rọ̀ mọ́. Bí ẹni rẹ bá ti wọ irú ìjọ bẹ́ẹ̀, tàbí bí ìwọ fúnra rẹ bá wà níbẹ̀ tí ara ti ń fu ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ohun tí mo fẹ́ kà sílẹ̀ yìí.

Ẹ má jókòó kí ọjọ́ náà yẹ̀

Àṣìṣe yìí ló pọ̀ jù láàárín ẹbí. "Ẹ fi í sílẹ̀, tí ọjọ́ yẹn bá kọjá, ojú ẹ̀ á là." Ojú kì í sábà là bẹ́ẹ̀.

William Miller, àgbẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ New York, mú 2,300 ọjọ́ inú Dáníẹ́lì 8:14, ó sọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan di ọdún kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí kà láti ọdún 457 ṣáájú Kristi, ó sì já sí 1843. Nígbà tí ìyẹn yẹ̀, wọ́n tún un dá sí ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 1844. Àwọn àgbẹ̀ kan fi ọ̀dùnkún sínú ilẹ̀, wọn ò wà á. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ẹkún ni wọ́n ń sun. Ọ̀pọ̀ padà sílé lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ní ọjọ́ náà kò yẹ̀, pé ọ̀run ni ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 2011, Harold Camping, oníwàásù orí rédíò ní Amẹ́ríkà, ṣe irú rẹ̀. Ó ti dá ọjọ́ kan ní 1994 tí kò wá sí ìmúṣẹ. Ó tún dá ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún 2011. Nígbà tí ìyẹn náà kọjá, ó ní nípa ti ẹ̀mí ni ìdájọ́ náà fi wáyé, pé oṣù Kẹwàá ni òpin gan-an. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló tó jẹ́wọ́ ní gbangba pé ẹ̀ṣẹ̀ ni òun dá. Mo bọ̀wọ̀ fún un nítorí ìjẹ́wọ́ yẹn, ó ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn tó ń dá ọjọ́.

Èyí tó yẹ kó bà wá lẹ́rù ni ti Kanungu ní Uganda. Àwọn tó ń darí ẹgbẹ́ kan níbẹ̀ sọ pé ayé yóò parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1999. Ọdún tuntun wọlé, ayé wà níbi tó wà. Ìròyìn ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ti ta ilẹ̀ àti ẹran ọ̀sìn wọn bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ohun ìní wọn padà. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta 2000, iná sọ nínú ilé ìsìn wọn tí wọ́n ti fi ìṣó kan àwọn fèrèsé rẹ̀ pa. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ló jóná, tọmọdé tàgbà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún ń hú òkú nínú àwọn ilé tí ẹgbẹ́ náà ní káàkiri. Oṣù méjì àti ààbọ̀ lẹ́yìn tí ọjọ́ yẹ̀ ni o. Ìgbà tí ẹbí ń sọ pé "ó ti tán, wọ́n á wálé" ni ewu ń wọlé.

Ẹ má gba ìdajì ẹsẹ

Nínú ọ̀rọ̀ Oǹdó yẹn, ọlọ́pàá sọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbójú fò. Wọ́n ní igbákejì olùṣọ́àgùntàn náà kọ́ àwọn ọ̀dọ́ pé òbí wọn "nínú Olúwa" nìkan ni kí wọ́n máa gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ibi tí ìdè náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Éfésù 6:1 ni wọ́n yí po: "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa gbọ́ ti àwọn òbí yín nínú Olúwa." Pọ́ọ̀lù kò pín òbí sí méjì níbẹ̀. Bí ọmọ yóò ṣe gbọ́ràn ló ń sọ. Ẹsẹ tó tẹ̀ lé e ní kí ọmọ bọ̀wọ̀ fún baba àti ìyá rẹ̀, kò sì béèrè ìjọ tí wọ́n ń lọ. Ẹ tún ṣí Máàkù orí 7. Àwọn kan níbẹ̀ ń sọ fún òbí wọn pé Kọ́bánì ni ohun tí wọ́n ì bá fi tọ́jú wọn, pé ó ti di ti Ọlọ́run. Jésù bá wọn wí gan-an. Ẹni tó bá fi orúkọ Ọlọ́run gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, kó lọ ka orí yẹn dáadáa.

Bákan náà ni ti ọjọ́. Gbogbo wa mọ Mátíù 24:36, pé kò sí ẹni tó mọ ọjọ́ náà tàbí wákàtí náà. Mo ti fi etí mi gbọ́ tí wọ́n ní, "Ọjọ́ àti wákàtí ni a ò mọ̀, a mọ oṣù." Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 1:7 ti ilẹ̀kùn yẹn pa: àkókò àti ìgbà pàápàá, Baba ló fi sí abẹ́ àṣẹ ara rẹ̀. Oṣù náà wà lára àkókò.

Bí o bá wà nínú irú ìjọ bẹ́ẹ̀, mú ẹsẹ méjèèjì lọ bá olùṣọ́àgùntàn rẹ, kí o béèrè ìbéèrè rẹ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Àwọn ará Bèróà ń yẹ ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù wò lójoojúmọ́, Bíbélì sì yìn wọ́n fún un. Bí ó bá jẹ́ pé ìbínú ni ìdáhùn, tàbí wọ́n ní ẹ̀mí èṣù ló ń béèrè, di ẹrù rẹ.

Ẹ má ta nǹkan, ẹ má fi iṣẹ́ sílẹ̀

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí. Nígbà tí àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà ń retí ọdún 1975, nítorí ìṣirò pé ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ọdún láti ìgbà Ádámù yóò pé, àwọn kan nínú wọn ta ilé. Ní 2011, òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì kan ní New York ná $140,000 lórí ìpolówó ọjọ́ tí Camping dá. Àwọn kan ní Tẹsalóníkà pàápàá ti ń sọ pé ọjọ́ Olúwa ti dé, àwọn mìíràn sì wà láàárín wọn tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Pọ́ọ̀lù ní kí ẹni tí kò bá fẹ́ ṣiṣẹ́ má jẹun. Béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń gbà ọ́ níyànjú bóyá òun náà ti ta ilé tirẹ̀.

Ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́

Àṣìṣe yìí, ilé wa ló ti ṣẹlẹ̀. Àbúrò bàbá mi kan, télọ̀, wọ irú ìjọ bẹ́ẹ̀, ó ta máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀. Àwa ọmọ ẹbí ń pè é ní Èlíjà, a ń béèrè bóyá kẹ̀kẹ́ iná rẹ̀ ti dé. Ọjọ́ tí wọ́n dá kọjá, kò wálé. Ó tó ọdún mẹ́ta kó tó padà. Ó wá sọ fún ìyá mi pé kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ọjọ́ náà tí òun ti mọ̀ pé irọ́ ni, pé ojú tiwa ni òun ń sá fún. Ìyá mi nìkan ni kò fi í ṣe ẹlẹ́yà. Gbogbo ọjọ́ Sunday ló ń pè é, tó ń bi í pé kí ló jẹ. Nọ́ńbà ìyá mi náà ló kọ́kọ́ pè lọ́jọ́ tó fẹ́ wálé. Ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà kan wà tí ẹni yín lè pè láìsí pé ìtìjú bò ó.

Bí ọmọdé bá wà níbẹ̀, ẹ má dákẹ́

Àgbàlagbà lè yan ìjọ tó wù ú. Ọmọdé kò yan nǹkan kan. Ní igbó Shakahola ní Kilifi, Kenya, wọ́n ti hú òkú tó lé ní 400 láti oṣù Kẹrin 2023, àwọn ọmọ ìjọ tí wọ́n ní a kọ́ láti febi pa ara wọn kí wọ́n lè rí Jésù. Ìjọba fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kan oníwàásù wọn, Paul Mackenzie, ó sì ní òun kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n láti 2017 ni wọ́n ti ń gbé e lọ sílé ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí kò lọ sílé ìwé. Kí àwẹ̀ àṣekú tó dé, ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ ọmọ, oògùn tẹ̀ lé e.

Nítorí náà, bí ọmọ kan ládùúgbò yín bá ti ń gbé inú ṣọ́ọ̀ṣì, tí kò lọ sílé ìwé, tó ń ṣàìsàn tí wọn ò gbé e lọ sí ọsibítù, ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ni. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 ní orílẹ̀-èdè wa fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́. Ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ mú ẹnìkan dání, ẹ sọ orúkọ ọmọ, ọjọ́ tí ẹ rí i kẹ́yìn àti ibi tó wà. Ohun tó já ọ̀rọ̀ Oǹdó síta nìyẹn: ìyá kan lọ fi ẹjọ́ sùn pé òun ò rí àwọn ọmọ òun, pé inú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni òun rò pé wọ́n wà.