Ẹ Má Gba Bréèkì Lọ́wọ́ Ọmọ: Ìtọ́sọ́nà fún Olùkọ́ Páámárì 1 sí 3

Ìwé yìí wà fún olùkọ́ àti òbí, láti Ìlọrin dé Ọ̀fà, Àjàsẹ́-Ìpo àti Òmù-Àrán. A ò ní kọ́ yín bí ọmọ ṣe ń ṣeré. Ẹ mọ̀ ọ́n. Àṣìṣe kan là ń rí lemọ́lemọ́: ọmọ tí kò kọ nóòtì tán ni wọ́n máa ń dá dúró sí kíláàsì nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń sáré nídìí máńgòrò. Ọmọ yẹn gan-an ló ti ń fi ẹsẹ̀ gbá bẹ́ńṣì láti àárọ̀, tí ara rẹ̀ ò gbà kó jókòó. Ẹ gba eré lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ọ̀sán ò ní tíì pọ́n kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́ níbẹ̀. Nóòtì tí kò tán, kó lọ kọ ọ́ nílé.

Ìkejì rẹ̀ ni fífò bí ọ̀pọ̀lọ́ tí a fi ń jẹ ọmọ níyà. Ọmọ tó ti fo ogún láàárọ̀ nítorí pé ó pẹ́ dé, ìyà ni yóò máa ka gbogbo fífò sí.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2020 pé kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi ìṣẹ́jú 60, ó kéré tán, ṣe ohun tó ń mú un mí hẹlẹhẹlẹ lójúmọ́. A lè pín in: bréèkì 25, kíláàsì ìṣẹ́jú 5 lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ilé 20.

Ìṣẹ́jú 5 inú kíláàsì yìí ni ọ̀pọ̀ ń bà jẹ́. Ẹ ṣe é ní 9:30, 11:30 àti 12:45. Kí báàgì kọ́kọ́ wọ abẹ́ dẹ́ẹ̀sìkì, tòun ti okùn rẹ̀, torí okùn báàgì máa ń gbé ọmọ ṣubú. Kí wọ́n bọ́ sílípáàsì. Ó máa ń yọ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Kí ẹnikẹ́ni má gun bẹ́ńṣì. Bí wọ́n bá na apá tí ọwọ́ ń kan ara wọn, ẹ kó ìlà kan jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ìṣẹ́jú kìíní, kí wọ́n máa rìn lójú kan, kí orúnkún dé ìbàdí. Ìṣẹ́jú kejì sí ìkẹrin ni iṣẹ́ gidi: kí wọ́n ka 2, 4, 6 dé 24, kí wọ́n fò lẹ́ẹ̀kan fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lóṣòó, kí wọ́n dìde, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí wọ́n sáré lójú kan títí ẹ ó fi ka 30. Kí wọ́n tún un ṣe títí àkókò yóò fi pé. Ọmọ tó bá ṣì ń kọrin geere, kò tíì ṣe nǹkan kan. Ó yẹ kó lè dá yín lóhùn, àmọ́ kí orin má ṣeé kọ.

Ìṣẹ́jú karùn-ún, kí wọ́n rìn pẹ̀lẹ́, kí wọ́n mí sínú títí ẹ ó fi ka 4, kí wọ́n mí síta bẹ́ẹ̀, lẹ́ẹ̀márùn-ún, kí wọ́n jókòó. Èyí ni àwọn tíṣà ń fò dá. Ariwo á gba kíláàsì, wọ́n á wá ní eré ló ba iṣẹ́ jẹ́. Eré kọ́ ló bà á jẹ́. Ìṣẹ́jú tí ẹ yọ ni. Ẹ sì bá wọn fò. Tíṣà tó jókòó ti pankẹ́rẹ́, ọmọ ò ní bá a ṣe é.

Ẹ wo àwọn ọmọbìnrin dáadáa níta. Pápá ti di ti bọ́ọ̀lù àwọn ọkùnrin, àwọn á sì fara ti ògiri. Ẹ ya ibì kan sọ́tọ̀ fún súwè àti tẹ́ńtẹ́ńì. Fífò inú rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Nígbà ooru oṣù kẹta, abẹ́ igi ni, kí omi wà nítòsí. Bí eruku ọyẹ́ bá pọ̀, inú kíláàsì ni. Ọmọ tó ń gbààwẹ̀, kí ó máa rìn nìkan. Ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀la-dìde, ẹ má yọ ọ́ kúrò, ẹ má sì fipá mú un: kó mu omi nígbàkúgbà, kó jókòó nígbà tó bá wù ú. Oníkọ́ fée, kí oògùn tó máa ń fà sẹ́nu wà lórí tábìlì yín, kì í ṣe nílé ìyá rẹ̀. Ẹ bi òbí ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ táàmù.

Ẹ̀yin òbí, bí ilé ẹ̀kọ́ ò bá ju ìrìn ìṣẹ́jú 20 lọ, tí àgbà sì wà tí yóò mú wọn sọdá títì, ẹ fi ọ̀kadà sílẹ̀.

Láàárọ̀, ẹ fa ìlà mẹ́ta sí igun pátákó. Kí ọmọ kan máa nu ọ̀kan kúrò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5 kọ̀ọ̀kan. Bí ìlà bá ṣẹ́ kù di 1:00, àwọn ọmọ fúnra wọn ló máa rán yín létí.