Ìkòkò Atasánsán Nígbà Òtútù: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Ń Gba Owó Yín Lásán

Bí ìgbà òtútù bá ti dé, tí gbogbo fèrèsé di títì, ẹ̀sùn kan náà ni àwọn ènìyàn máa ń gbé tọ̀ mí wá: wọ́n ra kànáfùrù, wọ́n ra sínámọ́nì, wọ́n gé ọsàn sí omi, wọ́n gbé e kaná, síbẹ̀ ilé kò ta sánsán. Èròjà mìíràn tí wọn yóò tún rà ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ mi. Èmi a sì bi wọ́n léèrè bí iná wọn ṣe tó.

Àṣìṣe kìn-ín-ní nìyẹn, òun ni ó sì ń bí mi nínú jù. Bí omi bá ti hó lẹ́ẹ̀kan, ẹ rẹ iná sílẹ̀ títí ooru tín-ín-rín nìkan yóò fi máa gòkè. Ẹni tí ó bá jẹ́ kí ó máa hó kùkù yóò gbọ́ òórùn líle fún ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí òróró tí ń ta sánsán nínú èèpo ọsàn kì í pẹ́ bá ooru lọ. Lẹ́yìn náà, omi lásán ni ó ń sè. Nígbà tí kò bá gbọ́ òórùn mọ́, yóò da ìdajì ọ̀rá kànáfùrù sí i, yóò sì tún fi iná kún un. Mo mọ ẹnì kan tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo, tí ilé rẹ̀ wá ń rùn bí yàrá dókítà eyín. Kànáfùrù 8 tàbí 10 tó ìkòkò kan!

N kò lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́ jù, nítorí ojú tèmi náà ti rí i. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo gbé ìkòkò kaná, mo ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, oorun sì gbé mi lọ. Bí omi bá wà nínú ìkòkò, ooru rẹ̀ kì í kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí omi bá tán, kò sí ohun tí ó ń dá a dúró mọ́. Èéfín ni ó jí mi. Èèpo ọsàn ti di èédú, ó lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò bí ọ̀dà, èmi tí mo fẹ́ kí ilé ta sánsán sì ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀ nínú òtútù, mo fi kúbùsù bora, mo ń fi ṣíbí ha ìkòkò. Láti ọjọ́ náà, ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni mo ń wò ó, tí mo sì ń bu omi gbígbóná kún un. Bí mo bá fẹ́ jáde tàbí kí n sùn, mo ń pa iná.

Èkejì, ẹ má ṣe lo sínámọ́nì lílọ̀. Yóò di ẹrẹ̀ ní ìsàlẹ̀, yóò sì jóná.

Ẹ má ṣe dé ìkòkò náà.

Ẹ jẹ ọsàn yín. Èèpo rẹ̀ nìkan ni ìkòkò ń fẹ́.

Ìkẹta, àbí ìkarùn-ún ni a dé báyìí, ni òróró olóòórùn inú ìgò kékeré. Òróró kì í pò mọ́ omi. Òkè ni ọ̀pọ̀ nínú irú òróró yìí máa ń léfòó sí, ooru yóò sì gbé e lọ kíá, owó yín náà yóò sì bá a lọ. Bí ẹ bá ní ológbò, ẹ má tilẹ̀ dán an wò, nítorí ẹ̀dọ̀ ológbò kò lè fọ́ ọ̀pọ̀ nínú irú òróró bẹ́ẹ̀ bí ti ènìyàn ṣe lè ṣe é.

Èyí tí ó kù dá lórí fèrèsé. Bí ẹ bá rí i tí omi ń ṣàn lójú gíláàsì rẹ̀, ẹ pa iná, kí ẹ sì ṣí i díẹ̀, nítorí ògiri tí ó bá ń tutù báyìí lójoojúmọ́ yóò bu, òórùn ògiri tí ó bu kò sì ṣe é fi kànáfùrù bò.