Ẹran Yíyan àti Ẹ̀fọ́ Pẹ̀lú Sóòsì Sóyà àti Atalẹ̀

Láàárín ìṣẹ́jú 45, oúnjẹ yìí á ti délẹ̀. Omi àti ṣúgà ló sábà máa ń bà á jẹ́. Ẹran tí omi bá wà lára rẹ̀ kì í yan, ńṣe ló ń sè. Ṣúgà tó bá sì tètè kan iná á jóná kí inú ẹran tó jinná.

Fún ẹni mẹ́ta, ẹ wá ẹran màlúù aláìléegun, gíráàmù 500, tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2. Ẹ̀fọ́ bok choy, ìyẹn ẹ̀fọ́ àwọn ará Ṣáínà tó jọ kábéèjì, gíráàmù 400 ló bá a mu. Tí kò bá sí, kábéèjì náà dára. Sóòsì sóyà síbí ìjẹun 4, aáyù ẹyọ 3, atalẹ̀ tó gùn tó àtàǹpàkò, ata gbígbẹ díẹ̀, oyin síbí ìjẹun 1, omi ọsàn wẹ́wẹ́ síbí ìjẹun 1, epo yànmọ̀tí síbí kékeré 1. Ẹ má fi iyọ̀ sí i rárá. Èyí tó wà nínú sóòsì sóyà ti tó.

Ẹ rin aáyù àti atalẹ̀, kí ẹ pò wọ́n mọ́ sóòsì sóyà àti ata. Ẹ wá pín in sí méjì. Ẹ da ìdajì sórí ẹran fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ má jẹ́ kó sùn síbẹ̀ mọ́jú: atalẹ̀ tútù máa ń tú ẹran, tó bá pẹ́ jù, ojú ẹran á dà bí ohun tí ẹnì kan ti jẹ lẹ́nu. Ìdajì kejì ni ẹ ó fi oyin, omi ọsàn àti epo yànmọ̀tí sí; ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èyí tó ti kan ẹran tútù kò gbọdọ̀ padà sórí ẹran tó ti jinná, àyàfi tí ẹ bá kọ́kọ́ sè é hó.

Tó bá jẹ́ èédú lẹ ń lò, ẹ dúró títí eérú funfun á fi bo ojú rẹ̀. Páànù onírin tó nípọn náà ń ṣiṣẹ́: ẹ gbé e kaná títí tí omi tí ẹ bá kán sí i á fi máa fò káàkiri. Ẹ wá fi tíṣù nu ẹran gbẹ, tọ̀tún tòsì. Ó máa ń dun èèyàn láti nu èròjà kúrò, ṣùgbọ́n adùn ti wọlé. Ẹ fi òróró fẹ́ẹ́rẹ́ pa ẹran fúnra rẹ̀, kì í ṣe irin.

Ẹ tẹ́ ẹ sórí iná, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 3. Tí ẹ bá fẹ́ yí i, tó sì lẹ̀ mọ́ irin, ẹ má fà á. Kò tíì tó yí. Tí ojú rẹ̀ bá ti pọ́n dáadáa, fúnra rẹ̀ ló máa ṣí. Ẹ yí i, ìṣẹ́jú 2 sí 3, kí ẹ wá fi díẹ̀ lára sóòsì olóyin pa á fún ìṣẹ́jú 1 tó kẹ́yìn. Tí ẹ bá ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ooru ẹran, 63°C ni kí inú rẹ̀ dé. Tó bá jẹ́ adìyẹ lẹ lò dípò màlúù, ó gbọ́dọ̀ dé 74°C.

Ẹ jẹ́ kí ẹran sinmi fún ìṣẹ́jú 5, kí omi rẹ̀ má baà ṣàn jáde tí ọ̀bẹ bá kàn án. Àkókò yẹn gan-an ni ti ẹ̀fọ́. Ẹ gbọ́dọ̀ ti fọ̀ ọ́ ṣáájú, kó ti ro dáadáa, kí ẹ sì ti ya igi rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ewé. Òróró síbí ìjẹun 1 nínú páànù gbígbóná, igi ìṣẹ́jú 2, lẹ́yìn náà ewé fún ìṣẹ́jú àáyá 40 péré. Tí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan, á sọ omi. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má fi epo yànmọ̀tí dín in: iná líle máa ń gba òórùn rẹ̀ lọ.

Ẹ wo ojú ẹran dáadáa, ẹ ó rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba apá kan. Ẹ gé e dábùú ìlà yẹn, pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Tí ẹ bá gé e tẹ̀lé ìlà, bó ti wù kí ẹran náà dára tó, okùn lẹ máa jẹ.

Ẹ kó o lé ìrẹsì pẹ̀lú ẹ̀fọ́, kí ẹ da ìyókù sóòsì olóyin sí i, àti omi tó ṣẹ́ jáde lára ẹran. Ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó dà á tán. Tó bá níyọ̀ jù, omi ọsàn lẹ ó fi kún un, kì í ṣe omi lásán.