Ọmọ yẹn lè má ya ọ̀lẹ o

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí wa. Lánàá, ní Ọjà Ìgbọ̀nà, ìyá kan ń bú ọmọ ọdún 6 ní ọ̀lẹ torí kò lè de bọ́tìnì ara rẹ̀. Ó dùn mí, torí èmi náà ti bú tèmi rí. Tí wọ́n bá ti tan mọ́ṣínì ìgẹrun, á ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dú. Tí wọ́n bá rán ìwé pélébé mọ́ ọrùn aṣọ, á bọ́ ọ sọnù. A ní àkẹ́jù ni.

Ọmọ tó ń ṣe báyìí, tàbí tí pẹ́ńsù ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣáá, occupational therapy, ìyẹn ìtọ́jú tó ń kọ́ èèyàn láti lè ṣe àwọn nǹkan ojoojúmọ́ fúnra rẹ̀, lè ràn án lọ́wọ́. Eré ni wọ́n máa ń fi kọ́ wọn: sísín ìlẹ̀kẹ̀, pípo amọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1, tó jẹ́ ọwọ́ kan ṣoṣo ló ń lò, ẹ má pè é ní ọlọ́wọ́ òsì. Ẹ tètè gbé e lọ.

Dókítà ọmọdé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí, irú èyí tó wà ní UNIOSUN Teaching Hospital, ní Òṣogbo níbí. Ẹ ya fídíò ohun tí ọmọ ń ṣe nílé dání o, torí níwájú dókítà, jẹ́ẹ́ ni ọmọ á jókòó.