Ẹja Kí Ó Tó Kan Òkèlè: Ìtọ́sọ́nà fún Ilé Tí Ẹnìkan Ti Ṣe Iṣẹ́ Abẹ Àpòlúkù

Ohun tó mú wa kọ ìwé pélébé yìí ni pé a rí ọ̀ràn kan náà lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù díẹ̀ ní Abẹ́òkúta níbí. Obìnrin kan lọ ṣe iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń dín àpòlúkù kù kí ẹni tó sanra jù lè fúyẹ́. Ó padà wálé, ara rẹ̀ ń fúyẹ́ bó ṣe yẹ. Nígbà tó di oṣù kẹrin, kò lè gun àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀ mọ́ láìjókòó sinmi, irun orí rẹ̀ sì ń bọ́ sẹ́nu òòyà. A bi í pé kí ló ń jẹ. Ó ní, "Ẹ̀kọ ni, mà. Ẹ̀kọ nìkan ló ń lọ." Ẹnì kejì, ọkùnrin ni. Ọ̀rọ̀ kan náà ló jáde lẹ́nu òun náà.

A ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń po ògì tàbí bí wọ́n ṣe ń se ẹja. Ohun tí dókítà kọ sílẹ̀ fún yín nípa ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó jẹ́ olómi nìkan, àti nípa oúnjẹ lílọ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ ṣe é bó ṣe wà níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá ti ní kí ẹ máa jẹ oúnjẹ tó rọ̀ ni ìwé yìí wà fún.

Ibi tó kù kéré

Nínú irú iṣẹ́ abẹ kan, wọ́n á gé bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpòlúkù kúrò, èyí tó kù á wá gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Nínú irú kejì, àpò kékeré tó gba bíi mílílítà 30 ni wọ́n á so mọ́ ìfun. Ẹyin adìẹ kan ju ìyẹn lọ. Ohun tí ẹ bá kọ́kọ́ fi sí ibi tó kéré báyìí ló máa kún un, èyí tó bá kù á wà nínú abọ́.

Ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ yìí gbọ́dọ̀ jẹ purotéènì, èròjà tó ń mọ ẹran ara, tó gíráàmù 60 sí 80 lójoojúmọ́. Ife ẹ̀kọ kan kò fi bẹ́ẹ̀ ju gíráàmù 1 tàbí 2 lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín: ó kéré tán, ife 30 ni ẹ máa mu kó tó pé 60. Láfún ńkọ́? Ẹ̀gbá ni wá, a ò ní bú láfún, ṣùgbọ́n òkèlè láfún tó wọn gíráàmù 100 kò ní tó gíráàmù 1 purotéènì. Ó kàn ń gba àyè lọ́wọ́ ẹja ni.

Ọjọ́ kan lè rí báyìí (nọ́ńbà tó kẹ́yìn lórí ìlà kọ̀ọ̀kan ni gíráàmù purotéènì):
ẹyin sísè kan ní àárọ̀, 6;
mílíìkì oníyẹ̀fun tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀, gíráàmù 25 (bíi ṣíbí ìjẹun 3 tó ga díẹ̀) nínú omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, 9;
ẹja sísè gíráàmù 60, tó tó páálí ìṣáná méjì, 13;
mọ́ínmọ́ín kékeré kan, 7;
adìẹ tí a bó awọ rẹ̀, gíráàmù 60, 17;
mílíìkì kan náà ní alẹ́, 9.
Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 61. Ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ẹni tí mílíìkì ń ṣí nínú lè fi omi sóyà tí kò ní ṣúgà rọ́pò rẹ̀, kó sì fi ẹyin kan kún un. Ẹ ra òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì ń lò. Ojú ò lè wọn ẹran. Gbogbo ẹni tó ní òun ń fojú wọ̀n ọ́n ló ń jẹ ìdajì ohun tó rò.

Tí ẹ̀kọ bá jẹ́ dandan, ẹ po ṣíbí ìjẹun 5 péré, kí ẹ ro mílíìkì gíráàmù 25 yẹn mọ́ ọn, láìfi ṣúgà sí i. Ọjọ́ ti pẹ́ tí FIIRO, ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Òṣòdì, ti gbé sóyà-ògì jáde. Ìyẹn náà dára ju ògì lásán lọ.

Pọ̀nmọ́ kì í ṣe ẹran

Ẹ má bínú. Awọ ni. Purotéènì inú rẹ̀ kò pé, kò lè dá ẹran ara mọ, ó sì ń yi tó bẹ́ẹ̀ tó lè há sí ẹnu àpò kékeré yẹn. Kí ìyàwó ilé tó lọ sí ọjà Kútọ̀ tàbí Láfẹ́nwá má ra pọ̀nmọ́ fún aláìsàn yìí kó wá ní òun ra ẹran. Epìyà, ìgbín tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ tí wọ́n sì sè dáadáa, wàrà Fúlàní tí wọn kò dín: ìwọ̀nyí ló yẹ. Edé gígún náà ń ṣiṣẹ́ nínú ọbẹ̀. Ẹ ṣọ́ epo. Ṣíbí ìjẹun epo kan jẹ́ nǹkan bíi kálórì 120, ó ju ti epìyà gíráàmù 60 lọ, kò sì ní purotéènì kankan. Nítorí náà, mọ́ínmọ́ín ni, kì í ṣe àkàrà.

Bí ẹ ṣe máa jẹ ẹ́

Ẹja tàbí ẹran ló máa kọ́kọ́ kan ẹnu, ẹ̀fọ́ á tẹ̀ lé e, òkèlè ló kẹ́yìn, bí àyè bá ṣẹ́ kù. Ẹ rún un títí yóò fi kúnná. Ẹ lo ìṣẹ́jú 20 sí 30 lórí abọ́. Ewédú máa ń jẹ́ kí òkèlè yọ̀ lọ láìrún, ẹ kíyè sí i.

Ẹ má fi omi ti oúnjẹ. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn tí ẹ bá jẹun tán. Síbẹ̀, omi gbọ́dọ̀ tó lítà kan àti ààbọ̀ lóòjọ́, ìyẹn piọ wọ́tà 3. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa mu ún látàárọ̀.

Àwọn ará ilé gan-an ló ń dá wa lágara. "Ẹ wò ó bó ṣe rù!" Wọ́n á gbé mọ́ọ̀tì wá, wọ́n á gbé tíì oníṣúgà wá. Ṣúgà yẹn á já sínú ìfun lẹ́ẹ̀kan náà, pàápàá lára ẹni tí wọ́n so àpò rẹ̀ mọ́ ìfun. Láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 30, òógùn á bò ó, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì, inú á sì ṣí. Àlejò tó bá fẹ́ mú nǹkan wá, kó mú ẹyin wá.

Oògùn

Títí ayé ni fítámìnì. Ẹ má lo oògùn tó ń fún ni lẹ́jẹ̀ (iron) àti calcium, èròjà egungun, pọ̀; ẹ fi wákàtí 2 sáàárín wọn. Ẹ má ra ibuprofen, oògùn ìrora, fúnra yín.

Tí ẹ bá ń bì títí tó fi di ọjọ́ kejì, ẹ má jókòó ti àgbo. Ẹ gba ilé ìwòsàn lọ, kí ẹ sì mú ìwé iṣẹ́ abẹ yín dání. Kí wọ́n tó fa omi oníṣúgà sí yín lára, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ti ṣe iṣẹ́ abẹ àpòlúkù, pé kò sí ohun tó dúró nínú yín láti ìgbà báyìí, kí wọ́n kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ fítámìnì B1.