Bí A Ṣe Ń Yan Àtùpà fún Ọ̀ṣọ́ Ilé: Ti Àtijọ́, Ti Ayé Àná àti Ti Òde Òní

Kí owó tó kúrò lápò yín, ẹ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè kan: ṣé ẹ fẹ́ kí àtùpà náà máa tan ìmọ́lẹ̀ ni, àbí ẹ kàn fẹ́ máa wò ó? Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í bi ara wọn ní èyí, ìdí sì nìyẹn tí àtùpà tí wọ́n fi owó gọbọi rà fi ń di ohun tí wọ́n ń tì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí oṣù mẹ́ta tó pé. Èrò tèmi ni pé kí a jẹ́ kí àtùpà àtijọ́ máa jókòó bí àgbà nínú ilé, kí a sì gbé iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ lé ti òde òní lọ́wọ́.

Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun àtijọ́, ohun tó bá ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nìkan ni ó yẹ kí a pè ní ti àtijọ́ pọ́nńbélé. Èyí tí ó ti lé ní nǹkan bí ogún ọdún, ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọgọ́rùn-ún, ni mo ń pè ní ti ayé àná níhìn-ín. Irú kẹta kan tún wà tí kò sí nínú méjèèjì, ìyẹn èyí tí wọ́n ṣe lánàá, tí wọ́n wá fi ìpáàrà kùn lára kí ó lè dà bí ohun tí ó ti pẹ́. Òun ni ó ń jẹ owó ènìyàn jù.

Àtùpà tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ dáadáa ni èyí tí gíláàsì wà láàárín rẹ̀, tí ọ̀pá páànù méjì gbá a mú lọ́tùn-ún àti lósì, tí a lè gbé rìn lóru kí atẹ́gùn má sì pa á. Àwọn ọ̀pá méjì yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ rárá, nítorí inú wọn ni afẹ́fẹ́ ń gbà sọ̀ kalẹ̀ lọ bá iná. John Irwin ní Amẹ́ríkà ni ó gbé ọgbọ́n yìí jáde ní ìparí àwọn ọdún 1860, ilé iṣẹ́ Dietz ní New York sì wà lára àwọn tó sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń rà. Oríṣi méjì ni ó ní: nínú ọ̀kan, afẹ́fẹ́ gbígbóná tí iná ti lò tán ni ó tún ń padà sọ̀ kalẹ̀, nínú èkejì, afẹ́fẹ́ tútù láti ìta ni ó ń wọlé, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì mọ́ jù ti àkọ́kọ́ lọ. Bí ẹ bá pinnu pé ẹ ó máa tan ti yín, èkejì yìí ni kí ẹ wá.

Ẹ ka gbogbo lẹ́tà tó bá wà lára rẹ̀, títí kan ìdí rẹ̀. Àtùpà Feuerhand ti ilẹ̀ Jámánì tí wọ́n kọ «W. Germany» sí kò lè jẹ́ ti ìgbà tó ṣáájú ọdún 1949, nítorí ọdún yẹn ni wọ́n dá Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀. Dietz tí wọ́n kọ «Hong Kong» sí náà kò tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún, bó ti wù kí olùtajà rẹ̀ lẹ́nu tó.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ra àtùpà kan tí ẹni tó tà á fún mi búra pé ojúlówó idẹ ni, pé ọwọ́ bàbá bàbá òun ni òun ti jogún rẹ̀. Mo gbé e délé, mo gbé e sórí tábìlì pálọ̀, ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá yọ òòfà kan lára fíríìjì, ó gbé e sún mọ́ àtùpà náà, òòfà sì lẹ̀ mọ́ ọn gbágbá. Òòfà kì í fa idẹ, kì í sì í fa bàbà. Irin ni ó ń fà. Irin tí wọ́n fi idẹ fẹ́ẹ́rẹ́ bò ni mo rà ní owó idẹ. Láti ọjọ́ yẹn, òòfà kékeré kan kì í kúrò nínú báàgì mi.

Lẹ́yìn òòfà, ojú ló kù. Ìpáàrà tí ọjọ́ ogbó mú wá kì í tàn dọ́gba: ó máa ń pọ̀ ní ìdí àtùpà àti ní ibi tí omi lè dúró sí, nígbà tí ibi tí ọwọ́ ti ń gbá a mú yóò ti dán, tí ihò tí ìgbámú rẹ̀ kọ́ sí yóò sì ti jẹ gbooro. Bí gbogbo ara rẹ̀ bá pọ́n bákan náà bí aṣọ tí a rì bọ inú aró, ẹ rọra gbé e kalẹ̀. Gíláàsì àtijọ́ sábà máa ń ní èéhó kéékèèké nínú, ojú rẹ̀ kì í sì í tẹ́jú pátápátá. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ gíláàsì, kò burú, ṣùgbọ́n kí wọ́n dín owó rẹ̀ kù. Láti mọ̀ bóyá ikùn epo rẹ̀ ti lu, ẹ gbé e wọ inú òkùnkùn, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu ibi tí wọ́n ń da epo sí. Ibi yòówù tó bá lu, ẹ ó rí i bí ìràwọ̀.

Ti ilẹ̀ wa náà ń bẹ. Kí kẹrosíìnì tó dé, fìtílà amọ̀ àti fìtílà irin tí alágbẹ̀dẹ rọ ni àwọn bàbá wa ń lò, pẹ̀lú òwú àti epo pupa tàbí àdín. Lójú mi, kò sí ohun tí ó yẹ ògiri funfun bí irin dúdú yẹn. Ṣùgbọ́n òfin Nàìjíríà ka iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ tí wọ́n ṣe kí ọdún 1918 tó dé sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ kó irú rẹ̀ jáde kúrò ní orílẹ̀-èdè láìgba ìwé àṣẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà, ohun tó rọrùn jù ni kí ẹ ní kí alágbẹ̀dẹ rọ tuntun fún yín.

Ní ti títan àtùpà àtijọ́, mo máa ń gba ènìyàn níyànjú pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Òjé lè wà nínú ọ̀dà ara rẹ̀ àti nínú ohun tí wọ́n fi jó o pọ̀, nítorí náà kí ó jìnnà sí ọwọ́ ọmọdé. Àtùpà gáàsì tí wọ́n ń fi páǹpù fẹ́, irú Petromax àti Tilley, ní àwọ̀n funfun kan tí iná ń jó lára rẹ̀. Èròjà thorium, tí ó ń tú ìtànṣán olóró jáde, wà nínú púpọ̀ nínú àwọn àwọ̀n ayé àná wọ̀nyí, nítorí náà ẹ má fẹnu fẹ́ eérú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó mọ́lẹ̀ síbẹ̀, ẹ fi gílóòbù LED kékeré tó ń lo bátìrì sínú gíláàsì rẹ̀, láìgbẹ́ ihò kankan sí i lára, torí pé ihò kan ṣoṣo ti gé iye rẹ̀ kù. Ẹni tó bá tan àtùpà oníkẹrosíìnì rárá, kí ó ṣí fèrèsé, kí ó sì rí i dájú pé bẹntiróòlù kò dà pọ̀ mọ́ epo náà.

Ti òde òní kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ wo nọ́ńbà tó ń parí sí K lára páálí rẹ̀: 2700K ni ó ń fúnni ní ìmọ́lẹ̀ pípọ́n bí ti fìtílà, nígbà tí 6500K tó kún ọjà máa ń sọ pálọ̀ di ilé ìwòsàn. Èyí tí yóò wà níta, kí ó ní IP44 ó kéré tán, ìyẹn àmì pé omi tó bá ta sí i kò ní bà á jẹ́. Ní Badagry tàbí Lẹ́kí, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ń jẹ irin, idẹ tàbí bàbà ni kí ẹ rà. Bí ó bá jẹ́ ti sólà, ẹ máa nu ojú rẹ̀ nígbà ọyẹ́, nítorí eruku ni kì í jẹ́ kí bátìrì rẹ̀ kún.

Ẹ fi tépù wọn ibi tí yóò wà. Èyí tí yóò kọ́ sókè tábìlì oúnjẹ, kí ìdí rẹ̀ ga ju tábìlì lọ ní sẹ̀ǹtímítà 75 sí 90. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ó ga tó mítà 2.1 sílẹ̀, kí àlejò gíga má baà fi orí sọ ọ́. Ti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn àbáwọlé yẹ kí ó gùn tó ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta gíga ilẹ̀kùn náà.

Ní ti ìtọ́jú, ọṣẹ àti omi díẹ̀ tó fún idẹ àtijọ́. Ẹ má fi ohun ìdán dán an títí yóò fi dà bíi tuntun. Gíláàsì ni kí ẹ máa nù dáadáa. Àwa ọmọdé ni ìyá àgbà máa ń ké sí ní ìrọ̀lẹ́, nítorí ọwọ́ wa nìkan ni ó lè wọ inú rẹ̀, a ó sì ká ìwé ìròyìn mọ́ ìka, a ó máa yí i títí dúdú èéfín yóò fi lọ. Kìkì ìgbà tí ó bá ti tutù ni a ń fọwọ́ kàn án, torí pé bí omi bá kán sí gíláàsì tó ṣì gbóná, yóò sán.