Wọ́n ní ẹrù ti dé, ẹ ò rí i: ta ni yóò san án?

Ìbéèrè: Wọ́n kọ ọ́ sórí fóònù mi pé ẹrù tí mo rà ti dé. Mi ò rí nǹkan kan.

Bi ará ilé. Bi aládùúgbò. Yẹ àdírẹ́sì tí o kọ wò.

Ìbéèrè: Mo ti wá a tì. Ṣé kí n lọ bá àwọn tó gbé e wá?

Rárá! Ojoojúmọ́ ni mò ń dáhùn èyí. Ẹni tó gba owó rẹ ni kí o dì mú. Òun ló rán wọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Òfin Ẹ̀tọ́ Oníbàárà ti ọdún 2015, abala 29, sọ ọ́ kedere: ọrùn olùtajà ni ewu ọjà wà títí yóò fi dé ọwọ́ ẹni tó rà á, tàbí ọwọ́ ẹni tí onítọ̀hún yàn. Òfin tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2011 sọ bákan náà. Ẹnu ọ̀nà kì í ṣe ọwọ́. Ní Amẹ́ríkà, àdéhùn ọjà ló sábà ń pinnu rẹ̀, nítorí náà kà á kí o tó sanwó.

Ìbéèrè: Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e sí abẹ́ àtẹ̀gùn.

Ó ṣeé ṣe kó di gbèsè tìrẹ nìyẹn. Bákan náà ni tó bá jẹ́ ìwọ fúnra rẹ lo háyà ẹni tó gbé e.

Ìbéèrè: Olùtajà ní fọ́tò wà pé wọ́n ti gbé e dé.

Èyí ló fojú mi rí màbo. Olùtajà ní kí n lọ bá agbẹ́rù. Agbẹ́rù ní ẹni tó rán àwọn nìkan làwọn ń dá lóhùn. Wọ́n ń gbá mi kiri bíi bọ́ọ̀lù. Mo pa ìpè fóònù tì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Mo ní kí olùtajà fi fọ́tò náà ránṣẹ́: ilẹ̀kùn onírin ló wà níbẹ̀, onígi ni tèmi. Mo ya tèmi, mo fi méjèèjì síwájú rẹ̀, mo ní kó béèrè ibi tí ẹ̀rọ agbẹ́rù wà lórí máàpù nígbà tó tẹ̀ ẹ́ pé ẹrù ti dé. Àdúgbò mìíràn ni! Síbẹ̀ kò sanwó. Mo bá kọ̀wé sí báǹkì tó fún mi ní káàdì pé ohun tí mo sanwó fún kò dé, mo so gbogbo lẹ́tà wa mọ́ ọn. Báǹkì ló bá mi gba owó náà padà. Má fi báǹkì falẹ̀ o, gbèdéke wà fún irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Tó bá jẹ́ ilẹ̀kùn mi gan-an ńkọ́, tí olè wá gbé e?

Fọ́tò yẹn fi hàn pé wọ́n gbé e sílẹ̀. Kò fi hàn pé o gbà á. Fi tó ọlọ́pàá létí, gba ìwé ẹ̀rí, kí o tún padà sọ́dọ̀ olùtajà.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ni kí n wá lọ́yà?

Tí olùtajà àti báǹkì bá jọ kọ̀, tí owó náà sì tó owó tí èèyàn ń gba lọ́yà lé lórí.